"Wá Jẹun" Kì í Ṣe "Lọ Jẹun"

Yàrá 209, Ilé Kejìlá,
International City,
Dubai.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.

Dókítà Múrítàlá Adéfẹ́mi,
Alága Ìgbìmọ̀ Olùdarí,
Ilé Ìwòsàn Ara-Dídá,
Al Majaz,
Sharjah.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ÀKÓKÒ OÚNJẸ ÀTI ÌSINMI ÀWỌN NỌ́Ọ̀SÌ, ÀTI LÓRÍ IṢẸ́ NỌ́Ọ̀SÌ LATEEFAT ABÍỌ́LÁ TÍ WỌ́N FẸ́ GBÀ LỌ́WỌ́ RẸ̀

Èmi ni Olúṣẹ̀san Àmúsà, nọ́ọ̀sì ní yàrá abẹ́rẹ́ ní ẹ̀ka ilé ìwòsàn yín tó wà ní Dubai Investments Park. Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ̀wé sí iléeṣẹ́ yín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ èyí ní Yorùbá ni, nítorí Yorùbá ni gbólóhùn tó dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì yí i padà títí ó fi di ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tó sọ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ Yorùbá ni ẹ̀yin náà, ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Nọ́ọ̀sì Lateefat dákú lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìgò ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì fọ́. Láti àárọ̀ tó ti wọṣẹ́, omi nìkan ló kàn án lẹ́nu. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tí ooru ti dá dùbúlẹ̀ ń wọlé tẹ̀ léra, òun ló sì ń fi dírìpù sí wọn lára.

Dípò kí wọ́n bi í pé ara rẹ̀ ńkọ́, wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, bi í pé ṣé Métírọ̀n, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, kò pè é wá jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní Métírọ̀n pe òun. Ọ̀gá náà bi í pé kí ló fi dáhùn. Lateefat kì í purọ́. Ó ní òun dáhùn pé òun ti yó. Ibẹ̀ ni wọ́n pa ẹjọ́ dé. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìsinmi, àti pé àìbìkítà ló fi da ẹ̀jẹ̀ aláìsàn nù. Wọ́n fún un ní ìwé ìyọniníṣẹ́: ní òpin oṣù yìí, ó parí. Bí iṣẹ́ bá parí, visa parí nìyẹn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń lọ sílé ìwé ní Sharjah sì wà lábẹ́ visa yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe pè é wá jẹun, nítorí ojú mi ló ṣe. Métírọ̀n wa, Ìyáàfin Kòfowórọlá Isaac, wà nídìí tábìlì wọn, wọ́n ti ṣí abọ́ ìrẹsì wọn, ṣíbí ti wà lẹ́nu. Lateefat ń kọjá lọ pẹ̀lú àpò dírìpù lọ́wọ́. Métírọ̀n ní, "Lateefat, wá jẹun." Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé ma, mo ti yó," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé sọ? Ṣé kó fa àga, kó ki ọwọ́ bọ abọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni? Gbogbo wa la mọ̀ pé ìkíni ni "wá jẹun" lẹ́nu ẹni tó ń jẹun. Ẹni tí kò bá sọ ọ́, ahun la ó pè é. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún, tó sì jókòó ti abọ́, wọ̀bìà la ó pè é. "Mo ti yó" kò sọ ohunkóhun nípa ikùn ẹni tó sọ ọ́.

Ohun tó ń tú nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni "lọ jẹun, èmi á bá ọ dúró tì wọ́n." Láti ìgbà tí Ìyáàfin Isaac ti dé ọ̀dọ̀ wa, n kò tíì gbọ́ "lọ" yẹn lẹ́nu wọn. "Wá" ni ṣáá.

N kò fẹ́ fẹ̀sùn èké kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ara ń fu mí. Ìyáàfin Isaac kì í ṣe àjèjì tí kò mọ àṣà. Abẹ́òkúta ni wọ́n dàgbà sí. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yẹn bá wà nítòsí ni wọ́n máa ń rántí pè wá? Kí ló dé tí wọ́n fi ń yíjú sí ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n á túmọ̀ èsì wa fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí kò bi wọ́n? Ọ̀rẹ́ mi kan ní bóyá inú rere ni. Bóyá. Ṣùgbọ́n ìpè yìí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí iléeṣẹ́ yín kéde pé olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni yóò jẹ́jọ́ bí nọ́ọ̀sì kò bá rí ìsinmi ló bẹ̀rẹ̀. Àárín ìgbà yẹn náà ni páálí ìbọ̀wọ́ gba yàrá ìsinmi wa, tó fi jẹ́ pé àga kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀, páálí ló jókòó lé e. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ yìí kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́: òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí márùn-ún léra láìsinmi, àpapọ̀ ìsinmi náà kò sì gbọdọ̀ dín sí wákàtí kan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn pàápàá, òfin ní kí wọ́n sinmi lọ́sàn-án láwọn oṣù ooru. Àwa la ń tọ́jú wọn, àwa la ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sinmi. Nígbà mìíràn wọ́n á wo ojú wa, wọ́n á ní àwa ńkọ́. Ó ń tì mí lójú.

Ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí ẹ wá bẹ ẹ̀ka wa wò, kí Ìyáàfin Isaac tó dé, ẹ bá mi nídìí oúnjẹ. Mo ní, "Ẹ wá jẹun, sà." Ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká, ẹ ní ẹ ti yó. Awakọ̀ yín sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ẹ kò tíì fẹnu kan nǹkan láti pápákọ̀ òfurufú, àti pé bí ẹ ṣe jáde lọ́dọ̀ wa, ilé oúnjẹ lẹ ní kó kọ́kọ́ gbé yín lọ. Kò sẹ́ni tó ní ẹ kọ oúnjẹ. Ọmọlúàbí la pè yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ dá ìwé ìyọniníṣẹ́ náà dúró kí oṣù tó parí, kí ẹ fúnra yín tún ẹjọ́ náà gbọ́, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ pàṣẹ pé kí ẹnì kan máa dúró nípò nọ́ọ̀sì tó bá lọ jẹun, kí wọ́n sì kó páálí kúrò níbi tí a ti ń sinmi. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí lè dé ọwọ́ ẹlòmíràn kó tó dé ọwọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ẹ̀ka wa. Èmi fúnra mi ni mo gbé e wá sí Al Majaz.

Bí ẹ bá pè wọ́n, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi Ìyáàfin Isaac, ní Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má túmọ̀ rẹ̀: lọ́jọ́ náà, bí Lateefat bá ti jókòó lóòótọ́ pé òun fẹ́ jẹun, inú abọ́ ta ni ì bá ti jẹun, ta ni ì bá sì dúró ti àwọn aláìsàn? Bí wọ́n bá rí orúkọ ẹnì kan dá, kí Lateefat máa lọ sílé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín lẹ́nu iṣẹ́,

Olúṣẹ̀san Àmúsà
Nọ́ọ̀sì, Yàrá Abẹ́rẹ́