Lẹ́tà Mẹ́ta tí Wọn Kò Dáhùn

Kudjarra,
Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ.

Tanika, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, mo sì kí ọ kú òtútù ìlú Pẹ́ẹ̀tì. Mo lérò pé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti fi ọ́ sílẹ̀. Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti bí oṣù méje. Mo ń fi í pamọ́ fún ọ lórí fóònù, nítorí pé bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni yóò gbọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Oṣù kìíní ni ìwé dé pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wa irin ní òkè apá àríwá odò wa. Ilẹ̀ jẹ́ tiwa láti ìgbà tí òyìnbó kò tíì dé, ilé ẹjọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré, síbẹ̀ òfin kò fún wa lágbára láti sọ pé rárá fún awakùsà. Ẹ̀tọ́ tí a ní kò ju pé kí wọ́n jókòó tì wá, kí wọ́n bá wa dúnàádúrà pẹ̀lú òtítọ́ inú. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí a kò fẹnu kò, wọ́n lè tọ ìgbìmọ̀ adájọ́ lọ pé kí wọ́n fún àwọn láṣẹ. Mo ń ka oṣù mẹ́fà yẹn bí ẹni tó ń ka èémí aláìsàn.

Èmi wà lára àwọn márùn-ún tí a yàn láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Prentice ni wọ́n rán sí wa, ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀nà ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fẹ́ là gba àárín ibi omi mímọ́ àwọn obìnrin kọjá gan-an.

O mọ̀ pé Àǹtí Dulcie, àgbà obìnrin wa, nìkan ló kù láyé tó mọ ìtàn ibẹ̀ dé òpin, o sì mọ̀ pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ó kàn sọ fún Prentice pé, "Má gba ibẹ̀ yẹn kọjá, ọmọ. Àwọn obìnrin ló ni ín." Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, màá kọ ọ́ sílẹ̀." Àǹtí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti di obìnrin ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan kan.

Mo wá kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, mo fi rán Prentice, pé kí wọ́n rán obìnrin wá, kí Àǹtí lè mú un débi tó yẹ, kí ó fi ibòmíràn tí ọ̀nà lè gbà hàn án. Kò sí èsì. Mo kọ èkejì, mo kọ ẹ̀kẹta. Ní gbogbo ìpàdé, àwòrán kan náà ni Prentice ń tẹ́. Bí mo bá béèrè, á ní, "Ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá, Merle. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ọ̀nkù rẹ Reggie ló là mí lójú: "Ẹ̀yin ń dúnàádúrà, àwọn ń wo kàlẹ́ńdà."

Ní oṣù karùn-ún, àyà Àǹtí dì pa tí kò lè mí dáadáa, ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù. Prentice bi mí pé, "Báwo ni ara Màmá?" N kò mọ̀ bóyá àánú ló fi béèrè, tàbí ó ń rò ó pé bí arúgbó náà bá kú, ẹnu tó lè tako àwọn ti padé. Kí Ọlọ́run dárí jì mí bí mo bá ṣì í rò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ fetí sí ẹnu ọ̀nà Àǹtí ní àràárọ̀ bóyá ó ń mí, kí n tó pọn omi tíì.

Oṣù mẹ́fà pé lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù keje. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e wọ́n ti pe ẹjọ́. Helen, lọ́yà wa, ní ohun kan ṣoṣo ló kù: ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òtítọ́ inú. Gbọ̀ngàn wa níbí ni wọ́n ti jókòó gbọ́ ọ. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ ní, "Ìpàdé mẹ́fà la ṣe. Bí ibẹ̀ bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Màmá kò sọ ohun tó wà níbẹ̀?" Gbogbo ojú yí sí Àǹtí. Tanika, ẹ̀rù bà mí dé egungun. Bí ó bá sọ ọ́, ó ti ba ohun tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ jẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, wọn á la ọ̀nà. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ ní kí n tú aṣọ lára ìyá mi kí ẹ tó gbà pé mo ní ìyá. N kò ní tú u." Ó sì jókòó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo rò pé ó ti parí fún wa.

Ó kàn mí. Mo ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ wọ́n. Alága ìgbìmọ̀ bi Prentice pé ta ló rí wọn. "Èmi nìkan ni, sà. N kò fi wọ́n ránṣẹ́. Kí n tó wá síbí ni wọ́n ti sọ fún mi pé ojú ọ̀nà kò ní yí padà." Kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe bínú tó, ojú rẹ̀ ṣe mí láàánú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìdájọ́ dé: kò sí òtítọ́ inú nínú ohun tí wọ́n ṣe, kí wọ́n padà wá bá wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè béèrè ohunkóhun. Reggie jó yí ilé ká. Èmi kò lè jó. Ìgbìmọ̀ kò sọ fún ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n lọ. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá ni.

Wọ́n sì ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ ti kọ̀wé pé obìnrin méjì yóò dé lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù yìí. Àǹtí gbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè sọ̀kalẹ̀ àpáta mọ́. Ó ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá àwọn obìnrin náà dé etí ibẹ̀, ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún, kí ó mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró. Mo rò pé èmi ni. Ó mi orí. "Merle, ẹ̀rù ti pọ̀ jù lọ́kàn rẹ, kò sí àyè mọ́. Pe Tanika."

Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó kí n tó kọ eléyìí. Ohun tó fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́, a kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, ìwọ ni lọ́yà wọn yóò yíjú sí, wọn yóò ní kí o sọ ọ́. N kò pàṣẹ fún ọ. Bí o bá wá, ẹ̀rù á máa bà mí nítorí rẹ. Bí o kò bá wá, ẹ̀rù á máa bà mí nítorí gbogbo wa.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kí àwọn ìyá wa tó ti lọ máa rìn níwájú rẹ, kí ọ̀rọ̀ má wọ́n ọ lẹ́nu níbi tó yẹ kí o sọ̀rọ̀, kí ìdákẹ́jẹ́ má sì wọ́n ọ níbi tó yẹ kí o dákẹ́.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Merle.

Àfikún: Àǹtí ní kí n má sọ fún ọ pé nọ́ọ̀sì fẹ́ gbé òun padà sí ọsibítù lánàá, tí òun sì kọ̀. Ó ní òun ń retí ẹnìkan.