Bàbá Dá-a-padà, Atún-àga-ṣe Tí Wọ́n Ní Kó Máa Lọ Sílé

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, ọdún 1949 ni a bí bàbá wa ọ̀wọ́n, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Dá-a-padà. Ìdílé onítìmùtìmù ni wọ́n ti wá. Bàbá wọn ń rán awọ, ìyá wọn ń ki òwú sínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì jókòó sórí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá bàbá wọn kì í tètè rántí ilé.

Ọdún 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ipò kìíní ni wọ́n máa ń mú, bí ènìyàn bá kà á láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí àga ọ̀gá ilé-ìwé kán, àwọn ni wọ́n tún un ṣe. Ọ̀gá jókòó, ara tù ú, ó dìde, ó sì nà wọ́n nítorí pé wọn kò sí ní kíláàsì.

Lọ́dún 1976 wọ́n fẹ́ ìyá wa, aránṣọ tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Lọ́dún 1988 gbogbo wa kó wá sí ìlú yìí nílẹ̀ òkèèrè, bàbá sì ń di ẹja sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan. Òpópónà tí a dé sí ń kú lọ: nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá, mẹ́jọ ti ti ilẹ̀kùn pa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ òjò kan, bàbá wa rí àga onífóòmù kan níta ilé aládùúgbò wa, kápẹ́ńtà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Wọn kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń da àga nù níbí nìyẹn. Wọ́n gbé e, wọ́n kan ilẹ̀kùn: “Ẹ kú orí ire, òjò ò tíì bà á jẹ́ tán!” Kápẹ́ńtà gbé e jáde. Bàbá gbé e padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà figbe ta: “Mo ní mo ti jù ú nù! Ṣé àga bàbá ẹ ni?”

Bàbá wa gbé e lọ sílé, wọ́n pààrọ̀ fóòmù àti sípíríǹgì, ìyá wa rán aṣọ tuntun sí i. Ọjọ́ kẹfà, wọ́n tún lọ kan ilẹ̀kùn náà. Kápẹ́ńtà jókòó lé e wò, ó gba àga, ó ti ilẹ̀kùn. Kò dúpẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó, ibẹ̀ ni orúkọ àti iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1991 wọ́n gba ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù kánsù tó ti wà ní títì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba òṣìṣẹ́ mẹ́fà, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Aláṣọ ṣílẹ̀kùn ní òdìkejì, onítíì tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé àga wá á mu tíì. Ẹni tó wá mu tíì á rántí àga tó ń gún un nídìí nílé.

Ọdún 1995 ni ìjì jà. Kápẹ́ńtà kọ̀wé sí kánsù: àjèjì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù, kó máa lọ sílé. Ènìyàn mẹ́tàléláàádọ́ta ló fọwọ́ sí i. Ìwé ìgbélùú wa sì rọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Bí ṣọ́ọ̀bù bá lọ, gbogbo wa lọ.

Lọ́jọ́ ìjókòó, olórí kánsù ní kí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ dìde. Kápẹ́ńtà dìde, ó gbáyà síwájú. Ọmọbìnrin rẹ̀ náà dìde lẹ́yìn: “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ilé ìtajà tí mo sọ pé mo ti ń ṣiṣẹ́, irọ́ ni. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà láti oṣù mẹ́sàn-án. Èmi ni mò ń to igi àga.”

Gbogbo wa rò pé ìgbájú ló kàn. Kápẹ́ńtà bèèrè pé: “Ṣé o ń gbẹ́ ihò kí igi wọnú igi, àbí ìṣó lásán lo ń kàn?”

“Ìṣó ni, sà.”

“Ìṣó! Ọmọ tèmi!” Ó yíjú sí bàbá wa: “Ìwọ náà ń wò ó?”

Bàbá wa ní: “Ẹran ara àga ni mo mọ̀, n ò mọ egungun rẹ̀. Ẹni tó mọ egungun ló ń kọ̀wé ẹ̀sùn.”

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn, olórí kánsù sì fún wa ní ọdún mẹ́wàá sí i nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kápẹ́ńtà wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó yọ. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi fà á. Àtìgbà náà la ti ń pè wọ́n ní Bàbá Kápẹ́ńtà.

Nígbà tí bàbá wa fẹ̀yìn tì lọ́dún 2016, òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kan tó wà ní títì ní òpópónà yẹn. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọ́n: wọ́n fi fóòmù sí gbogbo ìjókòó ilé àdúrà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ sùn lórí rẹ̀ nígbà ìwàásù. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú níṣẹ́, àti ọmọ onílẹ̀ tó bá fẹ́.

Wọ́n dágbére fáyé ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Wọ́n fi ìyá wa sílẹ̀, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti Bàbá Kápẹ́ńtà tí ìjà wọn kò tíì parí.

A ti ń palẹ̀mọ́ láti gbé òkú wọn lọ sí ìlú tí a ti bí wọn nígbà tí Bàbá Kápẹ́ńtà fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ pálọ̀ wa. Wọ́n ní: “Èmi ni mo kọ̀wé pé kó máa lọ sílé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Òní lẹ wá fẹ́ gbọ́ tèmi? Ta ló bẹ̀ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ilé rẹ̀ nìyí.” Wọ́n jókòó, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé.

Ìyá wa nu ojú wọn, ìyá wa náà ló sì ní kí a dá ọkọ̀ òfurufú dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ibí yìí ni a ó tẹ́ wọn sí. Bàbá, ilẹ̀ yìí le nígbà tí ẹ dé. Kí Olúwa jẹ́ kó rọ̀ lábẹ́ yín. Ẹ sinmi dáadáa o.