Alága Kò Lè Gun Fèrèsé Mọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀wàrà

Alága ṣubú lónìí. Mo sọ ológbò yìí ní Alága nítorí pé ó máa ń jókòó bí ẹni tí ń darí ìpàdé. Ó fẹ́ fò gun ojú fèrèsé, níbi tí ó máa ń wà bí mo bá ń kàwé. Ẹsẹ̀ iwájú dé orí igi fèrèsé. Ìdí kò tẹ̀ lé e. Ó já lulẹ̀ gbì. Ẹ̀yìn ni ó fi lélẹ̀ — ẹ̀yìn! Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ pé ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀. Ó balẹ̀ ní yàrá mi. Ó dìde, ó lá àyà rẹ̀, ó sì wo ògiri bí ẹni pé ògiri ni ó tì í.

Mo sáré ti ilẹ̀kùn kí ará ilé má baà rí wa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Inú apẹ̀rẹ̀ ni mo gbé e sí, mo fi aṣọ bò ó; bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, aṣọ tí mo fẹ́ lọ fọ̀ ni. Ọmọdébìnrin ni dókítà náà, kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn mi. Ó ní kí n fi ìka wá egungun ìhà Alága. Mo wá a títí, ọ̀rá ni mo ń bá. Ó ní kí n wò ó láti òkè, ìbàdí rẹ̀ dà? Kò sí ìbàdí. Ìrọ̀rí tó ní ìrù ni mo rí.

"Baba, ó ti sanra jù."

Mo ní, "Ẹ ṣeun."

Kí ni ènìyàn tún ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní ohun ọ̀sìn rẹ̀ sanra? Àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní, "Baba, mi ò yìn yín o. Àìsàn ni mo ń sọ." Ẹ̀rín tún ta lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi jáde.

San. Ara. Kí ara ó san. N kò jókòó sí kíláàsì kankan rí, èmi ni mo fi ara mi kọ́ ìwé kíkà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń wí. Báwo ni ara tó san ṣe wá di àìsàn?

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé wa, mo sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó fẹsẹ̀ rìn. Ó dúró ní agbedeméjì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi arúgbó ni mo dúró dè é.

Ọmọ náà kò purọ́. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo ti dín oúnjẹ rẹ̀ kù sí ìdajì, mo ń fi ife wọ̀n ọ́n. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó wo abọ́, ó wò mí, ó tún wo abọ́. Lọ́yà wo ni ó lè rojọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Igbe ṣáá. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń ké sí gbogbo ilé. Rédíò yọjú láti òkè. Aránṣọ tí ń gbé òkè yàrá mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Rédíò, nítorí ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, àdúgbò ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó mú.

"Baba! Ṣé ẹ̀yin náà ń gbààwẹ̀ ni, àbí Alága nìkan lẹ fi sí i?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀. Mo wọlé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, gbogbo wọn sì dákẹ́. Ẹnu tó ń sọ ọ́ sàn ju ẹnu tó dákẹ́ nítorí pé mo wọlé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti mú olè.

Alága kò fọn rárá. Láàárọ̀ yìí mo gbóòórùn ẹja lẹ́nu rẹ̀, mo sì rí òwú pupa lára irun rẹ̀. Ta ni ó ń ránṣọ nílé yìí? Mo gòkè lọ. Abọ́ kan wà lábẹ́ maṣíìnì rẹ̀: ẹja inú agolo, wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alága olúwa mi sì nà gbalaja sórí àjákù aṣọ.

Rédíò ní, "Ẹ má bínú, Baba. Igbe rẹ̀ ni mi ò lè gbà. Ẹ wo bó ṣe rù!"

Rù! Alága tí ikùn kò jẹ́ kí ó lè lá ìdí ara rẹ̀ mọ́! Ó ní gbogbo ilé ló ń sọ ọ́ pé bí ẹran ọ̀sìn bá rù, ìtìjú olówó rẹ̀ ni. Ó ní òun ni òun ń bò mí láṣìírí.

Mo pariwo. Èmi tí n kì í húkọ́ sókè lórí àtẹ̀gùn kí wọ́n má baà ní ara mi kò yá. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí. Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, lọ wá ẹni tìrẹ bọ́!"

Kò bímọ. Gbogbo ilé ló mọ̀.

Rédíò kú fin-ín. Mo gbé ológbò mi sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti ti Alága mọ́lé. Kò níbi í lọ mọ́. Ó kẹ̀yìn sí mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Láti àná ni kò ti fẹnu kan nǹkan. Ìgbéraga ni. Mo sọ fún un pé bí ebi bá pa á tó, yóò jẹ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kò jẹ. Mo fi kún oúnjẹ, kò wò ó. Mo ṣí ẹja inú agolo — èmi! — kò wò ó. Mo gbé e wá sínú ìmọ́lẹ̀: inú etí rẹ̀ ti pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Mo pe dókítà. Ó ní, "Baba, ohun tí mo ń sọ lọ́wọ́ nìyẹn tí ẹ fi gbé apẹ̀rẹ̀ yín lọ. Ológbò tó sanra kì í gbààwẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń dín in kù. Bí kò bá jẹun rárá, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, á sì pa á."

Mo sáré gbé e lọ. N kò rántí aṣọ tí mo fẹ́ fi bò ó. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ó fún mi ní oúnjẹ rírọ̀. Ó ní bí kò bá tíì jẹ títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, òun yóò ti rọ́bà oúnjẹ bọ̀ ọ́ nímú, kò sì dá òun lójú pé yóò yè é.

"Ṣé ẹnì kan wà tí ológbò yìí máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo ń fọwọ́ pa irun Alága. Ó ní, "Baba, ẹ lọ pe ẹni yẹn wá."

Inú ń bí mi sí ọmọdé yìí. Inú ń bí mi sí Rédíò tó wà lókè. Èyí tó ń bí mi sí ara mi kò ṣe é kọ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti lọ, ológbò yìí nìkan ló ń bá mi pé méjì nínú yàrá.

Ẹtì, ogúnjọ́

Mo gòkè lọ lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ará ilé wà níta.

Rédíò kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí maṣíìnì. Ó ní, "Baba, ẹ ní kí n lọ wá ẹni tèmi bọ́. Mo ṣì ń wá a."

Mo ní, "Ẹ dákun."

Láti ọjọ́ tó ti kó dé ilé yìí, "ìwọ" ni mo ń pè é. Mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa. N kò mọ ìgbà tí "ẹ" jáde lẹ́nu mi. Maṣíìnì dúró. Mo ní, "Ẹ dákun. Ó ń kú lọ."

Ó ti dé ìsàlẹ̀ kí n tó yí padà.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi oúnjẹ sórí ìka, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Alága gbóòórùn ìka náà. Ó pẹ́. Ó lá a. Ó tún lá a.

Ọwọ́ mi ni mo fi bọ́ ọ láti kékeré. Ó dùn mí débi pé mo kọjú sí ògiri.

Nígbà tó fẹ́ bù sí i, mo ní ó tó. Ó ní, "Ìyẹn náà ni? Baba, ahun ni yín o!" Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ fún un, mo gbé ife ìwọ̀n lé e lọ́wọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí wọ́n fún ní owó ayédèrú. Kò ní òun dárí jì mí. N kò sì bi í. Ó ní òun ń bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ó jẹ lánàá. Ó jẹ láàárọ̀ yìí. Dókítà ní kí a má tíì yọ̀.

Onígbàjámọ̀ ti ń sọ ọ́ káàkiri pé aránṣọ òkè ń wọ yàrá mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àti pé arúgbó kan ń ṣe bí ọmọdé. Orí mi gbóná, mo fẹ́ lọ bá a níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Rédíò lórí àtẹ̀gùn, n kò sì tíì wọn oúnjẹ. Kí wọ́n máa sọ ọ́.