Ẹja Àkọ́pa Bàbá

Efire.

Ẹ̀gbọ́n mi Gbóyèga,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti Ìmísíolúwa. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n àkùkọ wọn ò ní ìrù mọ́. Ẹ ó gbọ́ ohun tó fà á.

Ẹ ṣeun fún ẹja oníke tí wọ́n fi ń tan ẹja, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Bàbá. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ìwọ̀ abẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ewé ojú omi ṣáá. Bàbá bá yọ gbogbo wọn, wọ́n fi ẹyọ kan sí ìdí rẹ̀, ẹnu ìwọ̀ náà kọjú sókè, wọ́n wá so ìyẹ́ ìrù àkùkọ mọ́ ọn. Èmi ni mo di àkùkọ náà mú, Màmá sì bú mi dáadáa! Ní báyìí, ẹja oníke náà ń ta lójú omi bí àkèré.

Ẹ̀gbọ́n mi, látìgbà tí ọwọ́ òsì Bàbá ti rọ, tí wọn ò lè da àwọ̀n mọ́, wọn ò dé etí omi. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ. Ọlọ́run á bá wa tọ́jú yín.

Wọn ò jẹ́ ká se ẹja tí wọ́n kọ́kọ́ pa. Wọ́n ní ẹni tó ra ìwọ̀ ló ni àkọ́pa. A ti yan án. Àràárọ̀ ni Bàbá ń yí i padà lórí ààrò, kó má baà bu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹ ẹ́.

Àbúrò yín,
Moyinolúwa