Màlúù Rẹ Tó Wà ní Báńkì

Akolbire ọmọ mi,

Ṣé ara le níbẹ̀? Ṣé bàtà sójà kò bó ọ lẹ́sẹ̀ mọ́? Ìyá rẹ ń kí ọ, a ti kó jéró wọlé, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìjókòó àti ìdìde rẹ. Tíṣà Adongo ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

Lọ́jọ́ tí o sọ lórí fóònù pé wọ́n ń yọ igba sídì nínú owó oṣù rẹ kó tó dé ọwọ́ rẹ, ojú tì mí, mo ní kí lọmọ yìí jí níbẹ̀ tí wọ́n fi ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù? Àfi ìgbà tí o ní ọ̀gá yín ló kọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ sójà pé kí ẹ yọ tìpamọ́ kí ẹ tó ra fóònù tuntun, àti pé owó tó bá jókòó ní báńkì a máa bímọ. Họ́wù, ṣé ìyẹn náà ni ẹ̀kọ́? Ṣebí Hamidu Fúlàní ló ń da màlúù wa, òun ló ń mu wàrà, àwa la ni ọmọ. Báńkì ni Hamidu tìrẹ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní màlúù lọ́wọ́ darandaran a máa yọjú wò ó. Mo gbé iyọ̀ àti ẹyẹ awó kan, mo wọkọ̀ lọ sí báńkì ní Bolga, mo ní kí ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ mú owó Akolbire jáde kí n rí i bóyá ó rù nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ó ní inú ẹ̀rọ ló wà. Mo ní ta ló ń fún un lómi nínú ẹ̀rọ? Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀, kí n bi ìwọ fúnra rẹ. Ìwọ sì ni o wá sọ fún mi pé ó ti bí ọgọ́rin sídì. Ọgọ́rin lọ́dún kan! Abo màlúù mi tó dára jù, ẹyọ kan ló bí. Ọmọbìnrin náà kọ ẹyẹ awó, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà gba iyọ̀.

Àbúrò mi Ayamga ní kí o kó gbogbo owó náà jáde kí ìjọba tó kó yín lọ sí ibi ogun ní òkè òkun, kí o fi ra alùpùpù fún òun. Mo ní kó lọ sùn.

Abẹ́rẹ́ àwọn màlúù ti tó gbà. Fi ogójì sídì ránṣẹ́, lára ọmọ ni kí o ti bù ú, má fọwọ́ kan ìyá owó.

Fọ́ọ̀mù báńkì tí o fi ránṣẹ́ dé. Wọ́n ní kí a kọ orúkọ ẹni tí yóò kó owó náà bí o kò bá ti ibi ogun yẹn bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò lè jẹun dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Tíṣà ní orúkọ tèmi ni kí òun kọ, mo ní rárá, orúkọ ìwọ ọmọ mi ni kó kọ. Ó ní wọn kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe kọ tiwa.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn baba wa á sìn ọ́ lọ, wọ́n á sìn ọ́ bọ̀. Akolbire Atubiga ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Òun ni kó wá gba owó rẹ̀.

Èmi baba rẹ,
Atubiga