Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fa Wáyà sí Yàrá Bàbá Rẹ

Tẹ̀dé,
Ọjọ́ Ajé.

Jùmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le ní Ìbàdàn, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Olúwa kò ní jẹ́ kí ojú rẹ tún rí ẹkún lọ́dún yìí, èyí tí a sun ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti tó wa. Ara èmi náà le, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn mí. A ti wa iṣu tí bàbá rẹ gbìn, ó ta dáadáa, èmi nìkan ni mo sì ń jẹ ẹ́.

Gbádébọ̀, oníṣẹ́ iná tí o rán sí mi láti Ṣakí, dé ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní o ní kí òun yọ àwọn gílóòbù tí kò ní wáyà tí o rà fún wa, kí òun fa wáyà rọ́pò wọn, nítorí o ń rí i nínú fóònù rẹ pé iná yàrá bàbá rẹ ń dá tàn ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn fún mi. Ó ní oníwáyà dà bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn, ibi tí okùn rẹ̀ mọ ló mọ, kì í gbọ́ ìpè ẹni òkèèrè, ṣùgbọ́n a ó gbẹ́ ògiri fún un. Èyí tí kò ní wáyà dà bí ẹyẹlé, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gbọ́ ìpè, ibi yòówù kí ẹni tó ni ín wà. Mo bi í bóyá ibi yòówù náà ni lóòótọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni ó yé mi. O rántí pé bí bàbá rẹ bá ń ti oko bọ̀, tí alùpùpù rẹ̀ bá dé ìdí igi emi, ibẹ̀ ni yóò ti tẹ fóònù kí iná lè ṣáájú rẹ̀ dé ilé. Àkókò yẹn gan-an ni iná náà ń tàn. Mo ti tún ń gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún un. Omi náà máa ń dín kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn adìẹ ló ń mu ún.

O ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nípa ibi tí fóònù rẹ̀ wà, mo sì ń yí ọ̀rọ̀ padà. Má bínú. Kí wọ́n tó kan ìdérí pósí bàbá rẹ, mo ṣájì í kún, mo fi sí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kì í lọ oko láìmú un dání, báwo ni n ó ṣe jẹ́ kí ó lọ ibi tó jìn tó báyìí lọ́wọ́ òfo?

Gbádébọ̀ wo inú fóònù tirẹ̀ tí o so mọ́ àwọn gílóòbù náà títí, ó wá bi mí pé ta ni wọ́n ń pè ní Ládòkun. Mo ní ọkọ mi ni, mo sì fi ibojì hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Ó ní, “Ìyá, fóònù Ládòkun ló tan iná ìrọ̀lẹ́ àná.” Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò gba owó ọkọ̀, kò sì gba iṣu tí mo dì fún un.

Ọmọ mi, má rán ẹlòmíràn wá. Bí wọ́n bá fa wáyà, ibo ni yóò ti máa pè wá? Láti ọjọ́ Ẹtì ni iná náà kò ti tàn mọ́, ni mo bá pe nọ́ńbà rẹ̀ lánàá. Ó dún, ó dún, wọ́n gbé e. N kò gbọ́ ohùn, àfi bí ìgbà tí erùpẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé káàdì rẹ̀ ló tán.

Jọ̀wọ́, fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà ránṣẹ́ sí mi fún oògùn ẹsẹ̀, kí o sì fi káàdì ẹgbẹ̀rún kan sí nọ́ńbà bàbá rẹ kí ọjọ́ ọjà tó pé.

Gbogbo ẹni tó bá ti òkèèrè rántí rẹ, rere ni wọn yóò fi rántí rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdùkẹ́.