Ojú Kan Ṣoṣo Lẹ Ń Kán Oògùn Sí

Olówó orí mi,

Ẹ má wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó wà nínú báàgì mi. Ẹ ka èyí tán kí ẹ tó bínú.

Láàárọ̀ yìí, ẹ fi èjìká ọ̀tún gbá férémù ilẹ̀kùn, ẹ wá ń bi mí pé ta ló sún un. Ta ní í sún ilẹ̀kùn? Nígbà tí oorun tún gbé yín lọ, mo ká kọ́tìnì, mo wo ojú yín dáadáa. Irun ìpéǹpéjú òsì ti gùn, ó dúdú bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ti ọ̀tún wà bó ṣe wà. Dókítà sì ti sọ fún wa pé oògùn yẹn máa ń mú irun ibẹ̀ gùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ojú méjèèjì lẹ ń kán an sí!

Mo mọ ohun tí ẹ máa wí: òsì ló ń ṣàìsàn, ọ̀tún ò dùn yín. Kò ní dùn yín náà. Ìríran tí àìsàn yìí bá ti mú lọ, oògùn ò lè gbà á padà.

Mo ń lọ bẹ̀ wọ́n ní ọsípítù kí wọ́n rí yín lónìí. Nírọ̀lẹ́, èmi ni màá kán oògùn náà, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí ojú méjèèjì. Ẹ má ní ẹ ń san gbèsè ọjọ́ tí ẹ ò kán an, kí ẹ wá dà á kún ọ̀tún.

Ẹ ní oníbàárà tí ẹ gẹrun fún lánàá ló mira tí abẹ fi gé e létí. Mo wà níbẹ̀. Kò mira. Ẹ ò rí etí rẹ̀ ni.